Ọ̀rọ̀ tí í Mú Ọkàn Balẹ̀: Èdè-Ìperí fún Àyẹ̀wò Inú Àpò Ìtọ̀ àti Ìkọminú tí í Ṣáájú Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún ìmọ̀ ìṣègùn sábà máa ń kọ́kọ́ ronú kan orúkọ àìsàn, orúkọ ẹ̀yà ara àti orúkọ oògùn. Díẹ̀ nínú wọn ni í ronú kan orúkọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn aláìsàn kí dókítà tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣàlàyé àyẹ̀wò fún ènìyàn lè pinnu bóyá yóò padà wá ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tàbí yóò jókòó sílé pẹ̀lú àìsàn rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tí ó hàn gbangba ni àyẹ̀wò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cystoscopy, èyí tí dókítà fi ń wo inú àpò ìtọ̀. Kì í pẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbà á ní òwúrọ̀ tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ń gbà wọlé jẹ́ ibi tí Yorùbá kì í dárúkọ láwùjọ. Nítorí náà ni ẹ̀rù, ìtìjú àti àṣìtumọ̀ ṣe máa ń pàdé lórí rẹ̀.

Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìkọminú tí í ṣáájú àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ara, ó sì lè sọ ohun tí ìbá rọrùn di ohun tí ń dunni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ jẹ́ ara ìtọ́jú, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ orí rẹ̀.

2. Ohun tí àyẹ̀wò náà jẹ́

Àpò ìtọ̀ ni àpò oníṣan tí ìtọ̀ ń kó sí láti inú kíndìnrín méjèèjì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní íwe. Ti àgbàlagbà sábà máa ń gba nǹkan bíi mìlílítà 300 sí 500. Láti inú rẹ̀ ni ìtọ̀ ti ń gba ọ̀nà ìtọ̀ jáde. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ti ọkùnrin tó nǹkan bíi 20, ó sì ń gba àárín ẹ̀yà ara tí a ń pè ní pírósítéètì kọjá. Ìyàtọ̀ yìí ló fà á tí àyẹ̀wò náà fi sábà máa ń rọrùn fún obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò wá láti inú ọ̀rọ̀ méjì ti èdè Gíríìkì: kystis, tí ó túmọ̀ sí àpò, àti skopein, tí ó túmọ̀ sí kí a wo nǹkan. Orúkọ náà kò ju ‘wíwo àpò’ lọ. Kò sí irin nínú rẹ̀, kò sí ọ̀bẹ, kò sì sí ìrora. Ó yẹ kí olùtúmọ̀ kíyè sí èyí kí ó tó fi tirẹ̀ kún un.

Ọgbọ́n wíwo inú ara láìla ara kì í ṣe tuntun. Ní 1806 ni Philipp Bozzini, dókítà kan ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, kọ̀wé nípa ohun èlò kan tí ó fi iná àbẹ́là àti dígí ran ìmọ́lẹ̀ sínú ihò ara. Ní 1877, Maximilian Nitze fi ohun èlò tirẹ̀ fún wíwo àpò ìtọ̀ han àwọn dókítà ní Dresden. Òun àti Josef Leiter, oníṣẹ́ ohun èlò ní Vienna, sì tún un ṣe dáadáa ní 1879. Gbogbo ohun èlò ìgbà náà ló le gbagidi bí ọ̀pá. Ní 1954 ni Harold Hopkins àti Narinder Kapany kọ̀wé nípa bí ìdì okùn dígí tín-ín-rín ṣe lè gbé àwòrán láti ibì kan dé ibòmíràn, bí okùn náà tilẹ̀ tẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ṣí fún ohun èlò tí ó rọ̀. Èyí tí ó rọ̀ kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 5 sí 6 lọ. Èyí tí ó le ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, pàápàá fún ọkùnrin, wọ́n sábà máa ń kun aláìsàn lóorun, tàbí kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí kò ní í jẹ́ kí ó mọ ìrora ní ìsàlẹ̀ ara.

3. Ohun tí ó wà nínú ewu

Ohun tí ó sábà ń mú kí dókítà fẹ́ wo inú àpò ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ìtọ̀ jáde, àìlètọ̀ dáadáa, tàbí àìsàn àpò ìtọ̀ tí kò lọ bọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ kì í ṣe ohun àfojúfò. Lára ohun tí ó lè fà á ni òkúta inú àpò ìtọ̀, kòkòrò àìsàn, pírósítéètì tí ó tóbi jù, àti àrùn jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Mímu tábà wà lára àwọn ohun tí ó máa ń fa jẹjẹrẹ yìí jù lọ. Ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ a sì máa jáde láìdunni: ó lè wá lónìí, kí ó dáwọ́ dúró lọ́la, kí ó sì wá ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ó ti lọ nítorí pé kò rí i mọ́ lè fi àkókò ìwòsàn ṣòfò.

Níhìn-ín ni èdè ti kọ́kọ́ ń dí ènìyàn lọ́nà. Yorùbá ń pe àrùn kan tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀ ní àtọ̀sí. Wọ́n ń pe òmíràn ní àtọ̀sí ajá, èyí tí í mú kí ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Orúkọ méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n àrùn méjèèjì kò bá ara wọn tan. Aràn kan tí Theodor Bilharz rí ní ìlú Cairo ní 1851 ló ń fa àtọ̀sí ajá. Inú ìgbín odò ni ọmọ aràn náà ti ń jáde, yóò gba awọ ara ẹni tí ó wọ omi wọlé, yóò sì dàgbà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ká. Ẹyin rẹ̀ ni í ba ara àpò náà jẹ́. Ní àwọn abúlé ẹ̀bá ìsédò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìsédò tí wọ́n ṣí ní 1983, àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ iléèwé. Wíwá ẹyin aràn nínú ìtọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, oògùn praziquantel ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ lára láìtọ́jú, ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Ẹni tí ó wẹ̀ nínú odò nígbà èwe rẹ̀, tí ó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, lè fi pamọ́ fún aya àti ọmọ kí wọ́n má baà sọ pé àtọ̀sí ló kó. Nítorí ìjọra orúkọ ni ó ṣe ń tijú, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe ohun ìtìjú kankan. Ó yẹ kí olùkọ́ àti olùtúmọ̀ máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí kedere nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

4. Orúkọ tí ẹ̀rù ń jẹ́

Èdè Yorùbá kò tálákà ní ti orúkọ ẹ̀rù. Ohun tí ó kù ni kí a mọ èyí tí ó bá ipò kọ̀ọ̀kan mu.

Ẹ̀rù tàbí ìbẹ̀rù ni orúkọ tí ó gbòòrò jù. Ìfòyà ń sọ nípa àyà tí ó fò; ìjáyà ń sọ nípa àyà tí ó já. Àwọn méjèèjì jẹ mọ́ ohun tí ó dé lójijì. Ìpayà lágbára ju èyí lọ: ẹni tí ó páyà lè sá kúrò lórí ibùsùn. Hílàhílo ń sọ nípa ọkàn tí kò rí ibi kan dúró sí, àníyàn sì ń sọ nípa ohun tí a ń rò tọ̀sán-tòru, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ owó, ti ọmọ tàbí ti àìsàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ sọ nípa ẹ̀rù ohun tí kò tí ì dé, tí ó sì ń bọ̀, wọ́n a ní: ‘Ominú ń kọ mí.’ Kò tí ì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọkàn ló ti lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Èyí gan-an ni ipò ẹni tí wọ́n dá ọjọ́ àyẹ̀wò fún. Nítorí náà, ìkọminú ni ó yẹ kí a yàn fún ẹ̀rù tí í ṣáájú àyẹ̀wò, kí a fi àníyàn sílẹ̀ fún èyí tí ó ti di bárakú, kí a sì fi ìpayà sílẹ̀ fún èyí tí ó gbóná lójú ẹsẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kún fún ẹ̀kọ́. Ẹyẹ ni í rá bàbà lókè kí ó tó rí ibi tí yóò bà sí. Ọkàn tí kò balẹ̀ ń rá bàbà bákan náà. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìbínú pàṣẹ fún ẹyẹ pé kí ó bà. Ẹ̀ka igi ni à ń fún un. Òtítọ́ nípa ohun tí ń bọ̀ ni ẹ̀ka tí ọkàn aláìsàn lè bà lé.

5. Ohun tí ìkọminú ń ṣe nínú ara

Iṣan méjì ló ń dé ẹnu àpò ìtọ̀. Ti inú ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ti òde wà lábẹ́ àṣẹ ẹni: òun ni ènìyàn fi ń mú ìtọ̀ mọ́ra títí yóò fi dé ibi tí ó yẹ. Nígbà tí ominú bá ń kọ ènìyàn, ara a máa tú omi ìsúnniṣe kan tí ń jẹ́ adírẹ́nálínì sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà a máa lù kìkì, èémí a kúrú, iṣan ara a sì le. Iṣan òde tí ó dé àpò ìtọ̀ wà lára àwọn tí í le. Bí awò dókítà bá dé ibẹ̀ nígbà tí iṣan náà pa dé, ó di pé kí ó fi ipá díẹ̀ kọjá. Ìrora a dé, ìrora a tún mú kí iṣan le sí i, ẹ̀rù a sì pọ̀ sí i.

Nípa báyìí, ẹ̀rù ìrora ni ó ń bí ìrora. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò rí i pé kì í ṣe ojo ni aláìsàn ń ṣe. Yóò sì rí i pé sísọ fún un pé ‘Má bẹ̀rù’ kò tó. Ó ń fẹ́ ohun tí yóò ṣe.

Ohun náà sì wà. Bí awò bá fẹ́ gba ibi iṣan náà kọjá, kí aláìsàn rọra mí jáde tìtorí-tìtorí kọ́, bí kò ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí èémí yóò fi tán, kí ó sì ṣe bí ẹni fẹ́ tọ̀. Ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ tọ̀ ni iṣan òde máa ń dẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó ju èjìká àti itan sílẹ̀. Kí ó má ṣe di ọwọ́. Àwọn ìwádìí sì ti fi hàn pé gbígbọ́ orin nígbà àyẹ̀wò lè dín ìkọminú kù, àti pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ kí ó máa wo àwòrán inú àpò ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ kò mọ ìrora tó àwọn tí kò wò ó. Ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó, kí wọ́n má fi dandan mú un.

6. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló yẹ kí olùtúmọ̀ fi ọgbọ́n lò níhìn-ín.

Èkíní ni abẹ́. Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ ni fún ojú ara ọkùnrin àti ti obìnrin, kò sì sí ohun tí ó burú nínú ‘àyẹ̀wò abẹ́’ bí a bá fi ẹnu sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ sórí ìwé tàbí sára ògiri láìfi àmì ohùn sí i, ẹni tí ń kà á lè kà á sí abẹ, irú èyí tí a fi ń fárí, tí ó sì wà nínú ‘iṣẹ́ abẹ’. Àmì kan ṣoṣo ló ya wíwò sọ́tọ̀ kúrò lára gígé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìdí tí àmì ohùn fi ṣe pàtàkì, ìdí kan nìyí.

Èkejì ni irin. ‘Wọn yóò ki irin bọ̀ ọ́’ ni àpèjúwe tí ẹni tí kò mọ̀ máa ń ṣe. Fún ohun èlò tí ó rọ̀, irọ́ ni. Fún èyí tí ó le pàápàá, kò sọ ohun tí ohun èlò náà wà fún. Yorùbá ti ní awò fún ohun tí a fi ń ríran, bí a ti ń sọ pé awò ojú. Awò àpò ìtọ̀ ni ó yẹ kí ohun èlò yìí máa jẹ́, kí lílò rẹ̀ sì máa jẹ́ ìfawòwo àpò ìtọ̀.

Ẹ̀kẹta ni kú. Àwọn kan a máa sọ fún ọkùnrin pé oògùn tí wọ́n fẹ́ fi sí i yóò mú kí ‘ara ibẹ̀ kú’. Kí wọ́n rántí pé akúra ni Yorùbá ń pe ọkùnrin tí kò lè bá obìnrin lò pọ̀, àti pé inú ‘kú’ àti ‘ara’ ni orúkọ náà ti wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìyẹn tí ó sì dìde lọ sílé kò jẹ̀bi. Oògùn adènà-ìrora ni kí a pè é, kí a sì fi kún un pé agbára rẹ̀ kì í pẹ́ tí í fi í tán.

Ẹ̀kẹrin ni gé. Nígbà mìíràn, dókítà a máa mú bíńtín lára awọ inú àpò náà lọ fún àyẹ̀wò. ‘A ó gé ẹran nínú rẹ’ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó le jù fún ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́ púpọ̀. ‘A ó bù díẹ̀ wò’ tọ́ sí i, nítorí pé bíbù ni a máa ń bu ohun tí ó kéré lára ohun tí ó pọ̀.

7. Àpẹẹrẹ àlàyé

Ohun tí nọ́ọ̀sì lè sọ fún bàbá àgbàlagbà kan nìyí, níbi tí awò tí ó rọ̀ bá wà:

‘Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Inú àpò ìtọ̀ yín ni dókítà fẹ́ wò, kí a lè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ti ń wá. Awò kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì rọ̀, ni yóò gba ọ̀nà tí ìtọ̀ yín ń gbà jáde. A kò ní í fi abẹ kàn yín. A ó kọ́kọ́ fi omi fọ ibẹ̀, yóò tutù. A ó fi oògùn adènà-ìrora kan tí ń yọ̀ sí i. Ó lè ta yín díẹ̀. Bí awò náà bá dé ibì kan, yóò fẹ́ dùn yín. Kí ẹ rọra mí jáde, kí ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ tọ̀. Omi yóò máa wọ inú àpò náà kí ó lè ṣí, yóò sì máa ṣe yín bíi pé ìtọ̀ ń gbọ̀n yín. Kò burú, ẹ kò ṣe ohun ìtìjú. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Aṣọ yóò bò yín, àwa tí iṣẹ́ kàn nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí a dúró, ẹ gbé ọwọ́ sókè, a ó dúró.’

Ohun mẹ́ta ló wà nínú àlàyé yìí. Ó tẹ̀ lé ètò bí nǹkan yóò ṣe ṣẹlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní í sí ohun tí yóò bá bàbá náà lójijì. Kò purọ́: kò sọ pé kò ní í dùn ún rárá, nítorí pé ẹni tí a bá parọ́ fún lẹ́ẹ̀kan kò ní í gbà wá gbọ́ mọ́. Ó sì fi àṣẹ lé bàbá náà lọ́wọ́. Ọwọ́ gbígbé sókè kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé òun lè dá iṣẹ́ dúró kì í sábà dá a dúró.

Kí nọ́ọ̀sì tó parí ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ó béèrè bóyá aláìsàn ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bóyá ìtọ̀ ń ta á, tàbí ibà ń ṣe é. Kí ó sì sọ ohun tí yóò tẹ̀ lé àyẹ̀wò: ìtọ̀ lè máa ta á, kí ó sì pọ́n díẹ̀, fún ọjọ́ kan tàbí méjì, omi mímu a máa ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá ní ibà, bí kò bá lè tọ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí ó sì ń dì gbàgìdì, kí ó padà wá lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá sọ èyí fún yóò rò pé wọ́n ti ṣe é léṣe nígbà tí ìtọ̀ àkọ́kọ́ bá ta á.

8. Ìkádìí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá níhìn-ín nìyí, fún àwọn olùkọ́ àti olùtúmọ̀ láti yẹ̀ wò:

Àpò ìtọ̀: àpò oníṣan tí ìtọ̀ ń kó sí.
Ọ̀nà ìtọ̀: ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú àpò dé òde.
Iṣan adénu-àpò: iṣan tí ó dé ẹnu àpò ìtọ̀, ti inú àti ti òde.
Awò àpò ìtọ̀: ohun èlò tí dókítà fi ń wo inú àpò ìtọ̀.
Ìfawòwo àpò ìtọ̀: àyẹ̀wò tí a fi awò náà ṣe.
Oògùn adènà-ìrora: oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú ibì kan mọ ìrora fún ìgbà díẹ̀.
Ìbùwò: bíbu bíńtín lára ẹ̀yà ara láti fi ṣe àyẹ̀wò.
Ìkọminú: ẹ̀rù ohun tí ń bọ̀ tí kò tí ì dé.

Èyíkéyìí nínú wọn ni a lè fi òmíràn tí ó dára jù rọ́pò. Ohun tí kò yẹ kí ó yí padà ni òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n wọ́n. Èdè-ìperí ìṣègùn kò parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọ̀mọ̀wé méjì bá fẹnu kò lé e lórí. Ìgbà tí ẹni tí ń tọ ẹ̀jẹ̀ bá gbọ́ ọ, tí ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, tí ó sì padà wá ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, ni ó tó ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a.